Bátìrì Tí Kì Í Yó

Mùtíátù kì í pe oníbàárà kó tó lọ tún sólà rẹ̀ ṣe. Ó ní bí aláìsàn bá ti mọ̀ pé dókítà ń bọ̀, á bọ́jú, á wọ aṣọ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀sán gangan ló já wọ agboolé Alhaja Ràmọ́tà, oníṣòwò gaàrí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Oníṣẹ́ méjì ti wá ṣáájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló pè kí wọ́n tó wá, àwọn méjèèjì ló sì ní bátìrì ti kú, kí Alhaja ra òmíràn. Mùtíátù fi mítà wò ó. Bátìrì wà láàyè, ṣùgbọ́n iná tó ń wọ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń jóni lọ́rùn. Kò sí ohun tó ṣe wáyà. Ló bá gbé àkàbà, ó gun òrùlé ilé ìdáná.

Aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ bo páńẹ́ẹ̀lì tó ń gba oòrùn fún bátìrì, gaàrí sì kún orí rẹ̀.

“Má bínú, ọmọ mi,” Alhaja wí láti ìsàlẹ̀. “Ibẹ̀ ló ń gbóná jù. Gaàrí tí mo bá sá síbẹ̀ máa ń dún kàrà lẹ́nu. Bí oníṣẹ́ bá ti ní òun ń bọ̀ ni mo máa ń kó o kúrò, kó má baà dí i lọ́wọ́.”

Mùtíátù bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó rún un. Ó dún lóòótọ́.

“Ẹ má ra bátìrì kankan, Alhaja,” ló wí. “Ebi ló ń pa á. Gaàrí yìí ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.”