Ìka Tó Mọ Wúrà

Ojú Màmá Mẹ̀dínátù ti ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ wúrà rẹ̀ nílé ní Ọjà-Ọ̀dàn. Toheebat, ọmọ ọmọ rẹ̀, bu eérú wá.

"Gbé e kúrò! Eérú á ha wúrà lára."

Màmá rẹ òrùka yìgì rẹ̀ sínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń fi búrọ́ṣì ìfọyín rírọ̀ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Lójijì, ó dáwọ́ dúró.

"Òkúta orí rẹ̀ ń mì."

Toheebat wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Ó mú un lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà ní Ìlaró. Ìyẹn fi awò wò ó: apá tín-ín-rín kan tó di òkúta náà mú ti ṣẹ́.

"Ta ló rí èyí?"

"Màmá mi ni, sà. Ìka ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n."

Alágbẹ̀dẹ mirí. "Bá mi kí wọn o. Èmi gan-an ì bá má fura."