Àkókó Tí Wọ́n Fi Pamọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń pinnu pé àwọn á fi sìgá sílẹ̀, ẹyẹ ni wọ́n máa ń pín nílé tèmi. Ọkọ mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Káfíńtà, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, tó ń ṣe awò ojú fún àwọn èèyàn, ni wọ́n jọ ń ya wèrè náà. Wọn kì í pa ẹyẹ, wọn kì í sìn ín, wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n kàn ń wò ó ni. Mo bá wọn wí títí, ó sú mi.

Òfin kan wà láàárín wọn láti ìgbà tí ọmọ ti wà nílé ẹ̀kọ́: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yan ẹyẹ fún ara rẹ̀. Bàbá ni yóò sọ ẹyẹ tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí kí ọdún tó parí, ọmọ á sì sọ ti bàbá. Ẹyẹ tí wọn ò bá yàn fún ọ, bó tilẹ̀ bà lé ọ lórí, wọn ò ní kà á.

Àkókó ni ọkọ mi ń fẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó ní akẹgbẹ́ òun ni, igi lòun náà ń gbẹ́ jẹun. Ó máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, kò rí i rí. Ọmọ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, ó lè fún un ní òwìwí, ó lè fún un ní àṣá, kò jẹ́ fún un ní àkókó. Ó sọ fún mi ní kíṣìnnì pé òun ń fi í pamọ́ de ọdún tí bàbá òun bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí á lè jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ di alẹ́. Mo bi í pé ṣé ẹyẹ ni àbí ẹran inú fíríìjì. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn nígbà tí ara bá le?

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lu ìka ara rẹ̀. Ọmọ wa mú un lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e jókòó síwájú àwọn lẹ́tà ara ògiri, ó ń pààrọ̀ awò kan tẹ̀ lé òmíràn sí i lójú, títí kò fi sí awò mọ́. Dókítà ojú ní ẹ̀yìn ojú ni àìsàn náà wà, èyí tó bá ti lọ kò ní padà wá. Ojú lọba ara. Kí ọdún tó parí, Káfíńtà ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní ọdún yìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sídìí tábìlì. Tíì ọmọ wa ti tutù, kò fẹnu kàn án.

"Bàbá mi," ó ní, "àkókó ni tiyín lọ́dún yìí."

Ọkọ mi fọwọ́ wá etí tábìlì kó tó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí. Ọmọ náà jẹ́wọ́ fún un pé òun ń fi í pamọ́ dè é ni.

"Ó wá sórí igi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tójú mi ṣì dáa," bàbá rẹ̀ wí. "Òkè orí mi gan-an ló wà. Mo dijú."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dijú?"

"O ò tíì yàn án fún mi. Mo ní kó má baà ṣòfò. Mo mọ̀ pé o máa yàn án lọ́jọ́ kan."

Inú bí mi, mo dìde, mo fẹ́ bá àwọn méjèèjì wí dáadáa. Mo wá rí ojú ọmọ mi, mo tún jókòó. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ó sì ti dé bá wa nídìí tábìlì.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ̀ lé wọn, èmi tí n kò tẹ̀ lé wọn rí. A dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí kí a tó gbọ́ ọ, kó-kó-kó, lókè. Ọmọ wa gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú bàbá rẹ̀, ó di orí rẹ̀ mú, ó rọra ń darí rẹ̀ síbi tí ẹyẹ wà. Ọkọ mi wá a, ó wá a. Ó ní ìmọ́lẹ̀ lòun ń rí, àti nǹkan kan tó dà bí ẹ̀ka.

Èmi rí i kedere, láìlo awò kankan. Orí rẹ̀ pọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àmì tótòtó, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkọ mi bi wá bóyá a rí i. Mo ní mo rí i.

"A ò ní kà á," ọkọ mi wí. "Ta ló yàn án fún ìwọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọ wa ò rẹ́rìn-ín. Ó fi orí lé èjìká bàbá rẹ̀, ó ń sọ pé ó yẹ kóun ti fún un láti kékeré òun, lọ́dún àkọ́kọ́ gan-an. Ọkọ mi ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó gbójú sókè síbi tí ìró náà ti ń wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dijú.