Ta Ló Ń Kùn?

"Ó tún ti ń kùn o," ni Télọ̀ wí sínú fóònù. "Láti àárọ̀ ló ti ń kùn, kò sinmi. Etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di."

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, níwájú tábìlì kékeré tó gbé anpilifáyà rẹ̀ lé. Ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Lójú tirẹ̀, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Kò mọ̀ pé ìyá ìyàwó òun ti fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde ní yàrá, pé omi ni wọ́n fẹ́ wá mu, àti pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ ti dá wọn dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ẹnjiníà, mo ti ṣe gbogbo ohun tó o ní kí n ṣe. Mo tiẹ̀ fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé bóyá á dákẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Tàná ńkọ́? Mi ò tíì ṣe é ní nǹkan kan tó fi tanná mọ́ mi! Rárá o, ó ti gbó ni. Kí n má tàn ẹ́, ó ti sú mi. Mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀."

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, màmá di àyà mú.

"Èyí tó o ní o rí yẹn ńkọ́? Ṣé kò sí ẹni tó ti lò ó rí? Ẹn-ẹ́n. Ìdí ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó le dáadáa? Ó dáa bẹ́ẹ̀! Mú un bọ̀ lọ́la, tí Nọ́ọ̀sì bá ti lọ síbi iṣẹ́. Má jẹ́ kó mọ̀ o. Tó bá ti wọlé tán, tó ti jókòó sáyè ẹ̀, kí ló tún fẹ́ sọ?"

Màmá kò rántí omi mọ́. Wọ́n yí padà sínú yàrá, òùngbẹ wọn sì di ìbínú.

Ta la fẹ́ dá lẹ́bi? "Ó" ni ká dá lẹ́bi. "Ó" kò ní ojú, kò ní imú. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, irin ni o, "ó" náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá sì gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì yóò fi ojú àti imú tó bá wù ú sí i.

Télọ̀ kò sì gbèrò ibi kankan ní tirẹ̀. Aṣọ ló ń rán, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Télọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Nọ́ọ̀sì. Àwo orin àtijọ́ ni fàájì rẹ̀. Bó bá ti kúrò nídìí máṣíìnì, á gbé ọ̀kan lé ẹ̀rọ, á na ẹsẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún màmá, tí màmá wá ń gbé inú yàrá tó fara ti pálọ̀, ta ló fẹ́ máa yí orin sókè? Ló bá lọ ra hẹ́ẹ̀dífóònù àti anpilifáyà ayé àtijọ́ kan láti fi máa gbọ́ ọ, irú èyí tí gílóòbù tò sórí rẹ̀, tí iná pupa rẹ́súrẹ́sú máa ń wà nínú wọn. Orin inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Àmọ́ lábẹ́ orin náà, ohun kan ń kùn, ùùùùn, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.

Télọ̀ tú u. Ó rí agolo kékeré kan tó ń gba iná pamọ́ sínú, ó ní agolo yìí ló kéré jù, ó sì lọ wá ńlá fi rọ́pò rẹ̀. Kíkùn náà dín díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti tan ẹ̀rọ, gílóòbù tó ga jù lẹ́yìn, èyí tó ń tún iná ilé ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, á ta pàrà, iná búlúù á sì fò nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì fojú rí i, ó ní òun kò gbọdọ̀ rí kí nǹkan kan tún wọ ilé yìí nítorí ẹ̀rọ yẹn, àfi ẹni tó máa gbé e jáde. Ìdí nìyẹn tí Télọ̀ fi ń yọ́ pe Ẹnjiníà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Télọ̀ jí, ó lọ kí màmá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé orúnkún ti ń fúyẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ orúnkún mi kọ́ ló yẹ kó o máa béèrè," ni màmá dáhùn.

Télọ̀ dúró sójú kan. Kó o? Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ wọn, "ẹ" ni màmá fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ wọn pàápàá, "ẹ" náà ni. Ó yíjú sí Nọ́ọ̀sì, tó ń so okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ" ni èyí ń pè é ní tirẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra, bí kì í bá ṣe "Abẹ́rẹ́", nítorí pé ó tínrín, ó sì ń ránṣọ.

"Mò ń lọ, sà," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Oúnjẹ yín wà lórí sítóòfù, sà. Ẹ jẹun dáadáa kẹ́ ẹ lè lókun láti gbàlejò."

"Àlejò wo?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, sà."

Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ì bá gbá a gbàgà mọ́ Télọ̀ létí, ìyẹn ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Ìyá di "ìwọ", ọmọ di "ẹ̀yin", sà ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù bà á gidi. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá ní wọ́n ti gbọ́ nípa gílóòbù náà nìyẹn. Àmọ́ ṣé gílóòbù lásán ló ń da ilé rú báyìí?

Kò pẹ́ tí Ẹnjiníà fi dé. Ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan ni, ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í sì kúrò lápò. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ ẹ̀rọ tí iná wà lára rẹ̀ wò, ọwọ́ kan ló gbọ́dọ̀ lò, kí iná má bàa gba ọwọ́ kan wọlé, kó gba àyà kọjá sí èkejì. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé ọwọ́ kan náà ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń kí èèyàn.

"Ó ti dé o!" ló pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Níbo lo fẹ́ kó jókòó sí?"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, màmá jáde. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí, Nọ́ọ̀sì tó ti gba iwájú lọ ti gba ẹ̀yìn wọlé, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, màmá," ni Ẹnjiníà wí, ọwọ́ wà lápò.

"Ẹ wò ó," ni màmá wí. "Alárinà wọn rè é. Kò tiẹ̀ lè yọ ọwọ́ lápò kí àgbà." Wọ́n na ọ̀pá sí ẹnu ọ̀nà. "Ó dà? Sọ fún un kó wọlé wá bá mi. Mo fẹ́ rójú ẹ̀!"

"Ẹ rọra, màmá. Ó lè fọ́ o."

"Á fọ́ lónìí!"

Ẹnjiníà fò sẹ́yìn, ó fọwọ́ bo àyà. Ó wá rọra ki ọwọ́ sínú ẹ̀wù, ó sì yọ páálí kékeré kan jáde. Gílóòbù kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi òwú wé bí ẹyin.

Màmá wo gílóòbù, wọ́n wo Ẹnjiníà, wọ́n yọjú wo ìta.

"Ìyàwó tuntun náà ńkọ́?"

"Ìyàwó wo?" ni Télọ̀ bi wọ́n.

"Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Tí ìdí ẹ̀ le."

Ó ya Télọ̀ lẹ́nu. Ó wo ìdí gílóòbù náà, ó rántí ọ̀rọ̀ tó sọ lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ẹ̀rín bá gbé e lulẹ̀. Ó fọwọ́ di ikùn, ó ń ṣàlàyé, àlàyé kò sì jáde. Nígbà tó yé màmá tán, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ẹ̀yin méjèèjì ò ṣe wí pé irin ni!" ni wọ́n ń sọ. "Irin lásán ló gba oorun lójú mi!"

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti gbọ́ pé irin ni, sà," ló wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá wá sọ fún mi pé ẹ ní mò ń kùn, pé mi ò sinmi, pé mo ti sú yín, ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò jiyàn? Mi ò ní, 'Rárá, ọkọ mi kò lè sọ bẹ́ẹ̀.' Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo gbà á gbọ́. Torí bí mo bá ti la ẹnu báyìí, ọwọ́ yín ti ń lọ síbi nǹkan tẹ́ ẹ máa fi dí etí."

Ẹ̀rín kú mọ́ Télọ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ohun tó sì dùn ún jù níbẹ̀ ni pé kò rí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ẹnjiníà kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya. Ó yára kọjú sí anpilifáyà, ó yọ ọ́ lára ògiri, ó dúró kí iná inú rẹ̀ kú tán, ó sì tú ìdí rẹ̀.

"Ta ló fi agolo gbàǹgbà yìí síbí?"

"Èmi ni. Kó má bàa máa kùn."

"Wò ó, garawa ni agbára gílóòbù yìí. Ìwọ wá gbé dúrọ́ọ̀mù síwájú ẹ̀, o ní kó kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣe ní tanná?" Ó yọ agolo ńlá náà, ó dá kékeré padà, ó sì tan ẹ̀rọ. Gílóòbù àtijọ́ náà pọ́n díẹ̀díẹ̀. Kò ta, kò fò. "Ṣó o rí i? Eléyìí kò tíì gbó rárá. Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n lò."

"Ẹ tún un wí kó gbọ́ dáadáa," ni màmá wí.

Àmọ́ nígbà tí Télọ̀ gbé hẹ́ẹ̀dífóònù sétí, ùùùùn, kíkùn ti padà dé ní kíkún. Ẹnjiníà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó fi gílóòbù tuntun sí i, ó ń kùn. Ó pààrọ̀ wáyà, ó ń kùn. Ó sún un jìnnà sí ẹ̀rọ àwo, kò yéé kùn. Nígbà tó yá, ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde lápò fúnra rẹ̀ wá bá a họ orí.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ẹ̀rọ o," ló wí.

Nọ́ọ̀sì ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ti pe ibi iṣẹ́ pé òun máa pẹ́, ó sì ti fẹ́ máa lọ wàyí. Ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnjiníà, ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yẹn náà lẹ fi sí?"

"Òun náà ni."

"Òun ló máa ń ta mí lọ́wọ́ tí mo bá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ. Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí hẹ́ẹ̀dífóònù yẹn wọlé, mo tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń gbọ́ orin."

Ẹnjiníà lọ pa iná ilé, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fi ìka kan fa wáyà kan tó ti já, tó kàn rọ̀ sílẹ̀ láìkan ohunkóhun.

"Wáyà ilẹ̀ rè é. Òun ló yẹ kó máa kó iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀. Nígbà tó ti já, iná ń rìn kiri. Ó dé ọwọ́ ìyàwó ẹ, ó ta á. Ó dé anpilifáyà, ó ń kùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń sọ fún ẹ."

Ó dè é mọ́ ibi tó yẹ, ó dá iná padà. Télọ̀ gbé hẹ́ẹ̀dífóònù sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo gílóòbù bóyá ó ti kú. Kò kú, ó ń tàn. Inú ẹ̀rọ náà kàn parọ́rọ́ ni, orin sì wọlé láìsí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnjiníà kó gílóòbù tuntun rẹ̀ padà sínú òwú. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí màmá lè rí wọn, kó tó wólẹ̀ kí wọn. Màmá ní kó máa lọ, àwọn ti gbà, wọ́n sì padà sínú yàrá.

Ó wá ku tọkọtìyàwó. Télọ̀ na hẹ́ẹ̀dífóònù sí Nọ́ọ̀sì. Ó gbà á, ó gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀, ó sì yọ ọ́ lé orí tábìlì.

"Ó dáa," ló wí. Ó wo bàtà rẹ̀. "Ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ náà ń jò. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni."

Ọwọ́ Télọ̀ ti na síbi hẹ́ẹ̀dífóònù kó tó mọ̀. Àwọn méjèèjì ló rí ọwọ́ náà. Ó dúró lágbedeméjì, ó tijú, ó wá kọjá hẹ́ẹ̀dífóònù lọ sẹ́yìn anpilifáyà, ó sì pa á. Àwọn gílóòbù náà ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi pa á?" ni Nọ́ọ̀sì bi í. "Ṣebí kò kùn mọ́."

Télọ̀ gbọ́ "o" yẹn. Kò sí orin kan nínú gbogbo àwo rẹ̀ tó dùn tó o.

"Ìwọ ni mo fẹ́ gbọ́," ló wí. "Ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀. Máa wí."

Nọ́ọ̀sì wò ó dáadáa, bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó pọ̀ o, Abẹ́rẹ́."

"Mo ti jókòó."

Nọ́ọ̀sì sọ báàgì kalẹ̀. Bó ṣe ń la ẹnu báyìí, ohùn màmá wá láti inú yàrá.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tiẹ̀ tán, èmi náà ní díẹ̀ tí mo fẹ́ kùn."

"Ẹ" ti padà. Télọ̀ dìde, ó lọ gbé àga kan sí i.