Lọ́fínńdà Tí Mo Fín Sí Kóòtù Àbúrò Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ẹni tó ń dáná, kó dín iná kù. Ẹni tó ń fọṣọ, kó nu ọwọ́ ẹ̀. Òfófó ni mo gbé wá. Àmọ́ òfófó ara mi ni, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mò ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn.

"Àǹtí, ta ló fọwọ́ kan kóòtù mi?"

Ohun tí àbúrò mi bi mí nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìnàkí, láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, níṣojú àwọn mẹ́ta tó wá dán an wò. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi mí. Mo wolẹ̀, mo wo bàtà mi. Ìnàkí yẹn wà lórí igi, ó ń ké bí ẹni tólè wọlé ẹ̀.

Ẹ dúró ná, mo ti sáré jù. Ẹ jẹ́ n mú un látìbẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi yìí, ọdún kẹsàn-án ẹ̀ rèé lọ́gbà ẹranko. Ó ń gbálé wọn, ó ń gé oúnjẹ wọn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé bóyá wọ́n yàgbẹ́ lónìí àbí wọn ò yà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìwé ìgbẹ́ wà lóòótọ́! Nílé wa, Ìyá Ẹranko là ń pè é. Tó bá tibi iṣẹ́ dé, Màmá wa á ti pariwo láti inú ilé, "Ìyá Ẹranko, ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbà o, má gba pálọ̀!" Torí òórùn ni. Ibi iṣẹ́ ló ń fi aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ sí, síbẹ̀ òórùn náà á tẹ̀ lé e délé bí ajá. Èmi sì rèé, aránṣọ ni mí, inú pálọ̀ yẹn làwọn oníbàárà mi ń jókòó sí.

Àmọ́ kì í ṣe ilé ẹranko ló fẹ́ máa gbá títí ayé. Ipò ọ̀gá ló ń wá. Ọ̀gá yẹn ló máa ń sọ ẹranko tó máa wọlé, èyí tó máa lọ sí ọgbà míì, èyí tó lè bá èyí gbé, àti ohun tí kálukú wọn máa jẹ. Baba tó wà nípò náà fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àbúrò mi ti tìtorí ipò yìí lọ sílé ìwé ìrọ̀lẹ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Màmá wa wá dá gbèdéke fún un.

"Tí wọn ò bá fún ẹ lọ́tẹ̀ yìí, o máa fàwọn ẹranko yẹn sílẹ̀, o máa wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n ẹ nídìí máṣíìnì."

Ó ní òun gbọ́.

Àwọn méjì ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ń fa ipò náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹnì kejì, Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo wọn ń pè é. Ó kàwé débi tó lágbára, wọ́n ní ó mọ orúkọ egungun ara erin lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti dán tiẹ̀ wò, ó kó ẹtu méjì wọlé láìsí wàhálà. Ó wá kan àbúrò mi. Wọ́n ní kó pe ìnàkí kan tí wọ́n ń pè ní Arúgbó láti ìta gbangba wọ yàrá inú, láàárín ogún ìṣẹ́jú, kí dókítà ẹranko lè gba àárín irin fi oògùn sí egbò ẹsẹ̀ ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fà á, kò gbọ́dọ̀ jágbe mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Ojú Arúgbó ti ń ṣe bàìbàì, imú ló fi ń mọ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ilé yẹn pé: ẸNI TÓ BÁ FÍN LỌ́FÍNŃDÀ, KÓ MÁ WỌLÉ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, ó gbé kóòtù tí mo rán fún un wá bá mi. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kó múra dáadáa, torí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè nínú ọ́fíìsì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ ni o. Ẹ má fi nǹkan kan sí i."

"Mo ti gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ bó ṣe wọ ilé ìwẹ̀ báyìí, mo ronú àwọn èèyàn ńlá tó máa jókòó tì í. Mo ní ṣé òórùn ìnàkí ni wọ́n á máa gbọ́ bó ṣe ń dáhùn ìbéèrè? Mo bá gbé lọ́fínńdà mi, mo fín in sábẹ́ abíyá méjèèjì, mo fín in sí ọrùn, mo tún ṣí inú kóòtù, mo fín in níbẹ̀. Ìfẹ́ ló fà á, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí! Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Ọ̀fìnkìn ti ń da àbúrò mi láàmú láti àná, kò gbọ́ òórùn kankan.

Èmi ni mo bá a gbé báàgì ìwé dání lọ. Ó dáhùn ìbéèrè wọn, orí mi wú. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa lọ sílé ìnàkí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kan irin lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó.

"Arúgbó, ilé yá o."

Arúgbó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tiro bọ̀, ó ń fi ọwọ́ gúnlẹ̀ bí ìyá àgbà tó ń bọ̀ wá gba àlejò. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó na imú síta. Ó dúró. Gbogbo irun ara ẹ̀ dìde gannboro. Ló bá figbe ta! Ó yí padà, ó sáré gun igi, egbò ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣí, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ó wá sọ ìgbẹ́. Ọkùnrin tó ń fi aago ọwọ́ ka ìṣẹ́jú ló ba. Èjìká ẹ̀ lọ́tùn-ún báyìí. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ẹ́ pa mí.

Dókítà ẹranko fa imú. "Ìwọ mà ni. Kóòtù ẹ ń ta sánsán."

Ìgbà yẹn ni àbúrò mi bi mí ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá tó jẹ́ alága wọn nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣòfin, o tún fọwọ́ ara ẹ rú u?"

Àbúrò mi wojú mi báyìí. Mo rò pé ó máa nawọ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, mà."

Ọkùnrin aláago ti ń fi hańkáṣíìfù nu èjìká. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Ẹ lọ gbé ìbọn abẹ́rẹ́ oorun wá, kí wọ́n yìn ín fún un, ká máa lọ."

"Rárá, sà. Tí oorun bá gbé e lórí igi yẹn, ó máa já bọ́. Kì í ṣọmọdé mọ́."

"O mọ̀ pé o ti fìdí rẹmi nìyẹn?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó bọ́ kóòtù, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ gbé e jìnnà síbẹ̀, ó lọ ṣan ara lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó máa padà dé, aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ aláwọ̀ ewé ló wà lọ́rùn ẹ̀, èyí tí apá ẹ̀ ti ya, tó fi okùn ìdìpọ̀ so. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìgbìmọ̀ lọ. Ó ń jókòó. Oòrùn kúrò lójú wa, ó bọ́ sẹ́yìn wa, ó ń jókòó. Ó tó wákàtí méjì kí Arúgbó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbóòórùn apá aṣọ tó ya yẹn, ó gbọ́ ọ títí, ó fi ètè kàn án. Ó wá wọlé fúnra ẹ̀. Dókítà fi oògùn sí egbò náà, àbúrò mi kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ fún mi lọ́nà. "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ pé ẹ̀yin ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn. Lọ́jọ́ kejì, mo fi máṣíìnì sílẹ̀, mo gba ọ́fíìsì Ìyá Alága lọ. Mo kúnlẹ̀, mo rojọ́ látòkè délẹ̀.

Wọ́n wò mí, wọ́n bọ́ awò ojú. "Ẹ dìde. Ẹni tó máa ṣọ́ igba ẹranko, ṣé kò yẹ kó lè ṣọ́ kóòtù kan?"

"Èmi ló fọkàn tán, mà."

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára. "Ó dáa. Ọjọ́bọ̀. Ìdánwò kan náà, ìnàkí kan náà, ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán."

Mo fẹ́ẹ́ fò délé. Mo jẹ́wọ́ fún Màmá fúnra mi, wọ́n bú mi, inú wọn sì dùn pé ọ̀nà tún ṣí. Àbúrò mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àpótí ìdáná.

"Egbò ẹ̀ ti ṣí padà, Àǹtí. Láti àná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan péré ló jẹ. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an lẹ̀rù ń bà á báyìí. Tí mo bá tún pè é síbẹ̀ níṣojú àlejò, tó tún sáré gun igi, ẹsẹ̀ yẹn lè bàjẹ́ pátápátá."

"Kó o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú," mo ní.

"Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ àbí kí n gbàgbé ẹ̀."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí! Ṣé ìnàkí ló bí ẹ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Màmá. Ṣùgbọ́n èmi ló fọkàn tán."

Ó wojú mi bó ṣe sọ ọ́. Mi ò sọ fún un rí pé mo sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́fíìsì.

Lọ́jọ́bọ̀, mo tún bá a lọ. Mo ní bóyá ọkàn ẹ̀ á yí. Kò mú kóòtù dání. Ìgbà táwọn ìgbìmọ̀ fi dé, pẹ̀lú Ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn wọn, ó ti wọ àkísà ẹ̀, ó ń gé ìbẹ́pẹ wẹ́wẹ́ sínú abọ́. Arúgbó wà lọ́ọ̀ọ́kán lábẹ́ igi, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ọkùnrin aláago gbé ọwọ́ sókè. Ó jìnnà sí irin lọ́tẹ̀ yìí o! "Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò ní pè é lónìí, sà. Ẹ má bínú."

"O mọ ẹni tó máa di ọ̀gá ẹ?" Ìyá Alága ló bi í.

"Ọ̀mọ̀wé ni, mà. Wọ́n mọ̀wé, wọn kì í sì í ṣèèyàn burúkú."

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀. Ó parí. Ọdún mẹ́sàn-án, ó parí báyẹn. Ìyá Alága wo aṣọ tó ya yẹn, wọ́n wo kóòtù Ọ̀mọ̀wé tó ń dán. Wọ́n kàn sọ pé, "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọ̀mọ̀wé ò lọ. Ó dúró, ó ń fọwọ́ pa orí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "báwo lẹ ṣe máa ń pè é gan-an?"

Ẹ̀ ń gbọ́? Ọ̀gá tuntun, ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀! Àbúrò mi gbójú sókè. Ọ̀fìnkìn ẹ̀ ti lọ. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á.

"Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ lọ fọ lọ́fínńdà yẹn kúrò lọ́rùn. Omi wà lẹ́yìnkùlé."

Ọ̀mọ̀wé bọ́ kóòtù, ó lọ. Àbúrò mi fa àpótí kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ kan sórí ẹ̀, ó ń gé ìbẹ́pẹ ẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń wọn oníbàárà kan ní pálọ̀, ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ẹ̀yìnkùlé kọ́ o, iwájú! Àbúrò mi wọlé, ó di aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, ó kúnlẹ̀ kí Màmá.

"Màmá, mi ò ní lè wá sídìí máṣíìnì. Mo mọ̀ pé mo ti gbà fún yín. Ẹ foríjì mí. Ipò míì á tún ṣí lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ló máa bá mi."

Màmá sún ìdí lórí àga, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un. Oníbàárà mi ti di imú mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," mo sọ fún un, "àbúrò mi ló tibi iṣẹ́ dé." Mo wá nawọ́. "Gbé aṣọ yẹn wá, jẹ́ n bá ẹ rán apá ẹ̀."

Ó dì í mọ́ra. "Ẹ ò ní fọ̀ ọ́, Àǹtí?"

"Mi ò ní fọ̀ ọ́."

Ó gbé e fún mi. Mo rán an tòun tòórùn ẹ̀, mi ò ṣí fèrèsé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ló dúró síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ yẹn, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, tí Arúgbó ń wò yín lábẹ́ igi, ṣé ẹ máa kan irin yẹn? Ẹ bá mi sọ òótọ́ o.