Ọwọ́ Tí Yóò Wẹ Ọmọ

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí, ìka mi ti ká bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ife tíì kò ṣeé gbé. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun ara mi ló ń bá oríkèé mi jà, pé abẹ́rẹ́ náà á dá wọn lẹ́kun. Ó dá wọn lẹ́kun lóòótọ́. Ìka mi nà. Ni àtẹ́lẹwọ́ mi bá pọ́n, ó ń bó, ó sì là.

Mo padà lọ. Dókítà ní abẹ́rẹ́ náà ló fà á. Lára àwọn kan, tí ìjà bá kúrò ní oríkèé, awọ ara ló máa ń yà sí. Ó ní ìṣòro kékeré ni. Àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ kọ́ ló là. Ó ní kì í ràn, ó fún mi ní ìpara, ó sì ní kí n má dá abẹ́rẹ́ dúró fúnra mi.

Àsìkò yẹn ni Fàthíà, ìyàwó ọmọ mi Àbdùlgàfár, bímọ obìnrin. Nílé wa, ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ títí ọrùn rẹ̀ á fi gbó. Mo kúrò ní Ṣógúnlé, mo lọ bá wọn ní Àgọ́ Palace. Mi ò tíì fọwọ́ kan ọmọ tí Àlájà Ìsíátù, ìyá Fàthíà, fi mú ọwọ́ mi, tó ń yí i síbí sọ́hùn-ún.

"Ìyá Gàfárù, ṣé kì í ṣe làpálàpá rèé?"

"Abẹ́rẹ́ oríkèé ló fà á. Kì í ràn."

"Abẹ́rẹ́ tó wo ọwọ́ sàn ló tún ń bó ọwọ́? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà ni."

"Ṣé dókítà náà wẹ ọmọ rí?"

Fàthíà gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Àlájà ló wẹ ọmọ. Gàfárù sìn mí dé ẹnu géètì.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ò lè fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀ díẹ̀, kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ jinná?"

"Tí mo bá fi í sílẹ̀, ìka á tún ká. Kí ni màá fi di ọmọ mú, eyín?"

Ọjọ́ tí Àlájà padà sílé rẹ̀ ní Ailegun, Fàthíà pè mí. Ó ní ẹ̀rù ọrùn ọmọ ń ba òun, òun ò lè dá a wẹ̀. Mi ò dúró jẹun kí n tó jáde. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù, ó sì fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni."

Mo wọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ pa ọmọ lára, mo fẹ́ dà á dojú dé apá mi. Ọṣẹ ti mú kí rọ́bà máa yọ̀. Ọmọ bọ́ lọ́wọ́ mi, orí rẹ̀ ń lọ sínú omi, Fàthíà sáré gbá a mú. Ọmọ ń ké.

"Ẹ bọ́ ọ," Fàthíà ní.

Mo bọ́ ọ. Mo fi ọwọ́ lásán mú ọmọ, ó dúró. Mo fọ abẹ́ ọrùn, mo na apá, mo na ẹsẹ̀, mo fi òrí pa á. Ó dákẹ́. Omi ọṣẹ ń ta mí níbi tó là, ṣùgbọ́n kò sí ìka tó kọ̀ mí. Fàthíà ò wo ọmọ. Omi ló ń wò, níbi tí èépá ọwọ́ mi ti léfòó.

Mo fi tówẹ̀lì dì í, mo gbé e fún un.

"Ẹ ṣé gan-an, Mọ́mì. Ẹ jókòó, mò ń gbé oúnjẹ bọ̀."

Ó gbé ọmọ wọ yàrá. Mo ṣì ń nu ọwọ́ nígbà tí mo gbọ́ omi nínú balùwẹ̀ wọn, tí òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù jáde, tí ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òun tó ní òun ò lè dá a wẹ̀.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn.

"Fàthíà, fọwọ́ ti ẹ̀yìn orí ẹ̀."

Omi dá.

"Mo ti fọwọ́ tì í, Mọ́mì."