Ògiri Má-Bẹ̀rù

"Kò sí ẹni tó máa fi òòlù kan ọkọ mi lónìí yìí!"

Ìyá fẹ̀yìn ti ògiri bó ti ń sọ̀rọ̀, ó na apá méjèèjì gbalaja bí ẹni tó ń dínà mọ́ ewúrẹ́. Bíríkìlà dúró níwájú rẹ̀, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, irin pẹlẹbẹ tó fi ń ṣí ẹfun kúrò lára ilé lọ́wọ́ òsì. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tún àwọn ilé àtijọ́ ìlú náà ṣe. Ó ti bá ejò nínú ògiri rí, ó ti bá agbọ́n, ó tilẹ̀ ti bá eyín wúrà ẹnìkan níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n opó tó ń gbèjà ògiri, ojú rẹ̀ kò tíì kan irú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kì í ṣe ọkọ yín ni mo fẹ́ kàn. Ògiri ni."

"Ta ló wà lára ògiri?"

Bíríkìlà gbójú sókè. Òótọ́ ni, ọkùnrin kan wà lára ògiri. Ó jókòó sétí ọkọ̀ ojú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta, àjẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí èjí rẹ̀ fi hàn, ó sì na ọwọ́ kan síta bí ẹni tó fẹ́ fa èèyàn wọnú ọkọ̀. Àwòrán náà ga ju bí ọkùnrin náà ti ga lọ nígbà tó wà láàyè. Má-Bẹ̀rù ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí kò sí àlejò tó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀ tí kì í sọ fún pé, "Má bẹ̀rù. Omi kì í bá ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ jà."

Ìlú kékeré ni ìlú wọn, ó sì ti pẹ́ láyé. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ojú títì rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ti kú sì ti họ òkúta náà dán. Wọ́n gbẹ́ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan sí òkè ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú ilé kankan láìgba ìwé. Adágún omi wà nísàlẹ̀ ìlú, òkè gíga wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ báyìí, àwọn àlejò á ya wọ̀lú bí eṣú. Àwọn kan á so okùn mọ́dìí, wọ́n á máa gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn kan á gun kẹ̀kẹ́ yí adágún ká. Àwọn kan á jókòó síwájú ilé onílé, wọ́n á máa ya ohun tí ojú onílé ti rí títí tí kò rí mọ́. "Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ kú," Ìyá máa ń wí, "ibẹ̀ làwọn wọ̀nyí ń sáré bọ̀ wá sinmi." Kò sì sí èyí tó máa wá tí kò ní dé ìdí ògiri Má-Bẹ̀rù. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé ọwọ́ tó nà síta, wọ́n á ya fọ́tò. Ọ̀dà ọwọ́ náà ti ń parẹ́ nítorí ìyẹn.

Ọmọbìnrin Ìyá jáde láti inú ilé, ó gbé ìrọ̀rí kékeré kan dání bí ẹni tó gbé àwo. Ègé amọ̀ kan wà lórí rẹ̀, ó tó ìkúùkù àgbàlagbà.

"Màámi, ẹ wo ohun tó já lu ibùsùn ọmọ láàárọ̀ yìí."

"Ṣé ó bà á ni?"

"Kò bà á. Ìtọ̀ ló gbọ̀n ọ́n tó fi dìde. Ìtọ̀, Màámi! Ìtọ̀ ló gba ọmọ mi sílẹ̀."

Ìyá wo amọ̀, ó wo ìrọ̀rí. Yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn, ọmọ ọdún mẹ́fà, èyí tó ti ń wúkọ́ láti ìgbà òjò tó kọjá tí oògùn kankan kò ràn án.

"Kó máa sùn lọ́dọ̀ mi," ni ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ìyá, ògiri yìí ló gbé òrùlé dúró," ni bíríkìlà dáhùn. "Lọ́jọ́ tó bá wó, kò ní bi ẹni tó wà ní yàrá wo."

"Òrùlé ló ń jò. Gun orí ilé, kí o lọ tún òrùlé ṣe. Kí ló kan ọkọ mi nínú ọ̀rọ̀ òrùlé?"

"Mo ti gùn ún lánàá. Òrùlé yín dáa ju tèmi lọ." Ó gbé òòlù àti irin sílẹ̀. "Ẹ yẹ̀ díẹ̀ kí n fi nǹkan hàn yín. Ọwọ́ lásán ni, mi ò mú irin."

Ìyá yẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Bíríkìlà fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri lápá ọ̀tún, ó fi kan apá òsì.

"Ẹ wò ó. Níbí, ó gbẹ. Níbí, ó gbẹ bí eegun." Ó wá tẹ ọwọ́ mọ́ àyà Má-Bẹ̀rù. Nígbà tó gbé e kúrò, ọwọ́ rẹ̀ ń dán fún omi. "Láti ọrùn bàbá yìí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, omi ti mu amọ̀ inú ògiri yó. Òjò kọ́ nìyí o. Òjò kì í bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tó bá rí ló ń pa. Èyí, ẹnìkan ṣoṣo ló pa. Ta ló ń da omi sí wọn lára?"

Ọmọ Ìyá tẹjú mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Èmi ni," ni Ìyá wí. "Mò ń wẹ̀ ẹ́ ni."

Ọdún kẹfà rèé tí adágún ti gbé Má-Bẹ̀rù lọ. Afẹ́fẹ́ jà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dojú ọkọ̀ kékeré kan dé, ọmọbìnrin ayàwòrán kan tó wá lo ọjọ́ mẹ́ta péré nílùú ló sì wà nínú rẹ̀. Má-Bẹ̀rù wa ọkọ̀ lọ bá a. Ó tì í gun ìdí ọkọ̀ tó dojú dé náà, ó ní kó dì í mú, kó má bẹ̀rù. Ìgbì tó tẹ̀ lé ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i mọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi wá a. Ìyá ti ra ọṣẹ tuntun, ó ti gé aṣọ funfun sílẹ̀, ó ń retí kí wọ́n gbé e dé kí òun wẹ̀ ẹ́. Ọdún méjìlélógójì ló fi ń gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ dè é, ó ku ti ìkẹyìn. Wọn kò gbé nǹkan kan dé. Ọṣẹ náà wà nínú pépà rẹ̀ títí ọdún fi yí po.

Ayàwòrán yẹn kò padà síbi tó ti wá mọ́. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì olókùúta, ó sì bẹ àwọn ará ilé Má-Bẹ̀rù pé kí wọ́n fún òun ní ògiri wọn. Oṣù méjì ló fi ya Má-Bẹ̀rù. Lọ́jọ́ tó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, tí Ìyá gbójú sókè tó rí ọkọ rẹ̀ lódindi, láti orí dé ẹsẹ̀, kò dúpẹ́, kò bú u. Ilé ló wọ̀ lọ, ó tú ọṣẹ náà nínú pépà.

Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí àlejò tó jí, Ìyá á gbé bàsíà funfun jáde, á fi kànrìnkàn rírọ̀ wẹ̀ ẹ́: ọrùn, àyà, apá, títí dé ẹsẹ̀, á sì máa ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un. Orí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kì í tó. Ọmọ rẹ̀ ń rí i láti ojú fèrèsé. Ta ni yóò lọ gba ọṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

"Ẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́," bíríkìlà tún un wí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Háà, Ìyá. Ẹ ti wẹ̀ ẹ́ wọnú ògiri."

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Nínú ilé, ọmọ náà wúkọ́, ó tún wúkọ́.

"Ọwọ́ yìí náà ni," ni Ìyá wí. "Ọwọ́ tí mo fi ń ṣìkẹ́ òkú, òun ni mo fẹ́ fi pa alààyè."

Ọmọ rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ayàwòrán. Ó sáré dé, ó ká ìwé ńlá kan mọ́ abẹ́ apá, ọ̀dà ṣì wà léèékánná rẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà yìí, gbólóhùn kan péré ló ń ti ẹnu àwọn méjèèjì jáde síra wọn. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá." "Ẹ káàárọ̀." Ìyá kò pè é ní ìwọ rí, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ ju ọmọbìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí. Ọ̀wọ̀ kọ́ ni. Ọgbà ló fi sọ sáàárín wọn.

"Ìyá, ẹ má sunkún."

"Ta ló ń sunkún?"

"Mo ṣì ní gbogbo ìwọ̀n wọn nínú ìwé yìí." Ó tú u sórí òkúta. "Tí wọ́n bá rẹ́ ògiri tuntun, tó gbẹ, màá ya bàbá padà. Màá yà wọ́n kó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n yà wọ́n, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá dìde, ó wọlé láìfọhùn.

"Ṣé kí n máa kó irinṣẹ́ mi lọ ni?" bíríkìlà béèrè lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ dúró," ọmọ Ìyá dá a lóhùn. "Ẹ kò mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ń bínú, ariwo ni wọ́n máa ń pa."

Nígbà tí Ìyá máa jáde, bàsíà funfun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín ń rú lójú omi. Ọṣẹ tuntun wà nínú pépà, tówẹ́lì wà léjìká.

"Bíríkìlà, gbé àkàbà rẹ wá síbí."

Ó gbé e wá. Ìyá ti kànrìnkàn bọ omi, ó na án sí ayàwòrán.

"Gùn ún. Ọwọ́ mi kò tó orí rẹ̀ rí. Ìwọ lo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bá mi wẹ orí rẹ̀."

Ayàwòrán gbọ́ ìwọ yẹn. Ó gun àkàbà, ó wẹ iwájú orí, ó wẹ ojú, ó wẹ ẹnu tó ti sọ fún un lórí omi pé kó má bẹ̀rù. Nísàlẹ̀, Ìyá bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Bíríkìlà ṣí fìlà rẹ̀ láìmọ̀. Ọ̀dà ń tẹ̀ lé ọṣẹ, àwọ̀ ọkọ̀ náà ń ṣàn lọ láàárín òkúta títì, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Ìyá wẹ̀ ẹ́ dé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó wá fi tówẹ́lì nù ún, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ti ń nu ọmọ ọwọ́.

"Ó tó," ni ó wí. "Òkú tí wọ́n bá ti wẹ̀, sísin ló kù. Bíríkìlà, máa ṣiṣẹ́ rẹ."

"Ìyá, nígbà wo wá ni kí n wá yà wọ́n?"

"Má yà á mọ́, ọmọ mi. Bí o bá yà á, màá wẹ̀ ẹ́. Mo mọ ara mi."

Ayàwòrán kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún, ó sì ṣe méjèèjì pọ̀. "Kí ni kí n wá yà síbẹ̀?"

"Jẹ́ kó wà ní funfun. Ṣé gbogbo ògiri ló gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ ni? Àwọn alààyè ni kí o máa yà. Ya ọmọ inú ilé yìí, tó bá lè jókòó jẹ́ẹ́."

Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ìyá gbé àpótí síta, ó jókòó kọjú sí i, kò yí ojú kúrò. Ọwọ́ tó nà síta yẹn pẹ́ kó tó ṣí. Nígbà tó sì máa ṣí, odindi ló já, ilẹ̀ ló fọ́ ọ. Nígbà tí oòrùn máa kan àtàrí, ẹ̀rín nìkan ló kù lára ògiri. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kò sí mọ́.

Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n mú fóònù dání. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, bàbá orí ògiri yẹn ńkọ́?"

Gbogbo wọn yí wo Ìyá. Fún ọdún mẹ́fà, ohun tó ń wí fún ẹni tó bá béèrè ni pé ó lọ sórí omi, kò tíì dé.

"Ó ti kú," ni Ìyá wí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá." Wọ́n fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ, wọn kò gùn ún títí wọ́n fi yà ní ìkóríta.

Òkìtì amọ̀ náà kò ju ẹrù agbọ̀n mẹ́fà lọ. Bíríkìlà ní ọkọ̀ akólẹ̀ máa wá lọ́la. Ọmọ Ìyá fẹnu sí ìyá rẹ̀ létí, ó di èjìká rẹ̀ mú.

"Màámi, àbí ká kó o lọ sínú adágún? Ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n wà. Bóyá ìyẹn ló yẹ wọ́n."

Ìyá dìde, ó gbọn eruku kúrò láṣọ. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó mú ọkọ́ tó fara ti ọgbà, ó sì yan ibì kan tí oòrùn ń dé dáadáa.

"Rárá," ni ó wí. "Ilẹ̀ ni kí ẹ bá mi gbẹ́ fún un. Omi ti tó o."