Eyín Góòlù Ìdíátù

Nígbà tí mo wálé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Ìdíátù àbúrò mi obìnrin ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó rẹ́rìn-ín, eyín góòlù rẹ̀ yọ. Mẹ́kà ló ti gbé e bọ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Muṣin ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà ní ìlú òtútù. Eyín yẹn ni mo máa ń rántí bí àárò ilé bá ń sọ mí.

Wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú fún un kí n tó dé. Mo ṣì wà nílé nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó sì ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Dókítà ní kí wọ́n yẹ inú ọpọlọ wò, bóyá jẹjẹrẹ náà ti rìn débẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ kò lè gba oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan kí àwòrán lè mọ́, ni wọ́n bá ní kí a lọ ya irú èyí tó ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ.

Rótìmí tó ń darí MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ní Yábàá ṣàlàyé fún wa.

"Àlájà, ẹ rí Ọ̀yìngbò lọ́jọ́ ọjà? Ibi tí èrò bá há sí, ẹsẹ̀ ò ní lọ. Bí jẹjẹrẹ bá kóra jọ síbì kan, omi ibẹ̀ ò ní rí ọ̀nà rìn. Ibẹ̀ á funfun nínú àwòrán. Ṣé kò sí irin lára yín?"

Ìdíátù bọ́ yẹtí, ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́.

"Eyín yẹn ńkọ́?"

"Góòlù Mẹ́kà ni. Ìyẹn kì í ṣe irin."

Nígbà tí wọ́n parí, Rótìmí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú àwòrán náà, ìwájú ọpọlọ, lókè ojú, dúdú bí èédú, ó sì wọ́.

"Bàbá, góòlù ò lè ṣe irú èyí. Irin ló ń ṣe é. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

Mo lọ jókòó ti Ìdíátù. "Ta ló ṣe eyín yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí Aneesah ọmọ mi gbọ́. Àìsàn ni mo fi gbogbo Mẹ́kà ṣe, mi ò dé ọjà kankan. Mo délé tán, gbogbo wọn ń wò mí lẹ́nu. Ni mo bá lọ bá Ṣàfíù."

"Ṣàfíù ẹ̀yìn ilé wa, tó ń ṣe eyín fún àwọn awakọ̀?"

"Òun ni. Ó sọ fún mi pé irin ni, pé omi góòlù lòún fi kùn ún. Èmi ni mi ò sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ṣàfíù fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. "Àlájà, ṣé kí n bá yín ṣe òmíràn?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá orí tó gbé ẹnu náà máa dúró."

A padà sí Yábàá, wọ́n sì tún àwòrán náà yà. Ibi tó dúdú náà ti mọ́. Kókó kan ṣoṣo wà níbẹ̀, ó funfun, kò ju hóró àgbàdo lọ. Dókítà ní bó ṣe jẹ́ ẹyọ kan tó ṣì kéré, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ lè ká a. Wọ́n sì fi ìtànṣán ká a.

Ìdíátù ní kí n gbé eyín náà lọ, kí ojú òun má rí i mọ́. Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà níbí ní ìlú òtútù. Lánàá ó pè mí lórí fóònù tó ń fojú hàn, mo rí àlàfo níwájú ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará àdúgbò tún bi mí léèrè eyín Mẹ́kà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní eyín mi wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lókè òkun. Mi ò dárúkọ Mẹ́kà."